Bàbá ẹni ọdún 68 gba ìwé ìtanràn létí odò: ìwé àṣẹ ẹja àti ti ọdẹ fún àgbàlagbà ní Florida

Ìdílé kan ní Jacksonville, ní ìpínlẹ̀ Florida, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àwọn mẹ́ta ló kàn nínú wọn. Bàbá jẹ́ ẹni ọdún 68. Ó pẹ́ ní New Jersey kí ó tó fẹ̀yìn tì, kí òun àti Màmá tó kó lọ bá ọmọ wọn ọkùnrin ní Florida. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 63. Àbúrò Bàbá, ẹni ọdún 70, wá láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, oṣù mẹ́ta ló sì fẹ́ lò lọ́dọ̀ wọn. Ilé wọn kò jìnnà sí odò St. Johns, tó gba àárín Jacksonville kọjá kí ó tó wọ òkun ní Mayport.

Ohun tí wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni pé ẹni tó bá ti pé ọdún 65 kì í sanwó ìwé àṣẹ ẹja ní Florida, kì í sì í san ti ọdẹ. Irọ́ kọ́, àmọ́ kò pé. Lọ́jọ́ tí Bàbá àti àbúrò rẹ̀ ju ìwọ̀ sódò, òṣìṣẹ́ FWC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹja àti ẹran igbó ní Florida, wá bá wọn, ó kí wọn, ó sì ní kí wọ́n mú ìwé wá. Bàbá na láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ New Jersey sí i, ó fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ ìbí tó wà lára rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ na páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Àwọn méjèèjì ló gba ìwé ìtanràn: dọ́là 50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye owó ìwé àṣẹ tó yẹ kí wọ́n ti gbà kí wọ́n tó débẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún wọn láti san án tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù.

Òṣìṣẹ́ náà kò ṣì wọ́n mú. Abala 379.353 nínú ìwé òfin Florida ló dá àgbàlagbà sílẹ̀, ohun mẹ́ta ló sì béèrè lẹ́ẹ̀kan náà: kí ènìyàn ti pé ọdún 65, kí ó jẹ́ olùgbé Florida, kí ẹ̀rí ọjọ́ orí àti ẹ̀rí ibùgbé sì wà lára rẹ̀ níbi tó ti ń pẹja tàbí tó ti ń dọdẹ. Bàbá ní ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àbúrò rẹ̀ náà ní ẹyọ kan, kò sì sí bí ó ṣe lè ní ìkejì.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ṣubú síbi ọ̀rọ̀ ibùgbé yìí, nítorí ohun tí àwa ń pè ní ìgbé kọ́ ni òfin ń pè bẹ́ẹ̀. Bàbá ti lo oṣù márùn-ún lábẹ́ òrùlé ọmọ rẹ̀, gbogbo ẹrù rẹ̀ ti dé, síbẹ̀ lójú òfin ẹja, àlejò ni. Olùgbé lójú òfin ni ẹni tó ti sọ Florida di ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo tí òun ń gbé, tí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ tàbí káàdì ìdánimọ̀ Florida tó ní àdírẹ́sì Florida sì fi í hàn. Ẹni tí kò bá ní èyíkéyìí nínú méjèèjì lè lo káàdì ìdìbò Florida, ìwé pé ilé rẹ̀ wà lábẹ́ homestead, ìyẹn ẹ̀dínwó owó-orí fún ilé tí ènìyàn ń gbé, tàbí ìbúra ibùgbé tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó sì nílé ní ìpínlẹ̀ méjì, tó ń sá fún òtútù wá sí Florida lọ́dọọdún, ọ̀kan péré ló lè mú.

Ìṣirò Bàbá yé wa. Ní New Jersey, ọdún 70 ni àgbàlagbà ń pé kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ nínú ìwé àṣẹ ẹja. Ó ti ń retí rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé 65 ni ti Florida, ó rò pé òun ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Ọ́fíìsì agbowó-orí káńtì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní tax collector, ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ní ọ̀pọ̀ káńtì Florida, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ẹja àti ọdẹ, nítorí náà ìrìn kan lè parí gbogbo rẹ̀. Òfin tilẹ̀ ti sọ pé ẹni tó bá kó wọ Florida láti gbé gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ibẹ̀ láàárín 30 ọjọ́ tó bá máa wakọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé Bàbá ti pẹ́ jù kí ọ̀rọ̀ ẹja tó dé rárá. Ohun tí yóò kó lọ ni páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, tàbí gíríìn káàdì bí kò bá tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹ̀rí nọ́ńbà Social Security. Àti ìwé méjì tó fi àdírẹ́sì ilé hàn. Láísẹ́ǹsì New Jersey náà yóò bá a lọ, ní ọ́fíìsì ni wọn yóò ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Dọ́là 48 ni láísẹ́ǹsì tuntun, dọ́là 25 ni káàdì ìdánimọ̀ fún ẹni tí kò wakọ̀, ọ́fíìsì agbowó-orí sì ń fi dọ́là 6.25 tirẹ̀ lé e. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń tẹ káàdì náà fún ènìyàn.

Ìwé àdírẹ́sì méjì yẹn ló ń dá àwọn òbí tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ padà láti ẹnu ọ̀nà. Iná, omi, ilé, gbogbo rẹ̀ wà lórúkọ ọmọ. Lẹ́tà báǹkì gbà, lẹ́tà láti ọ́fíìsì ìjọba náà gbà, tí àdírẹ́sì ilé bá ti wà lára rẹ̀. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ nìkan kò gbà. Bí kò bá sí èyíkéyìí, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní Certification of Address. Onílé ni yóò fọwọ́ sí i pé ọ̀dọ̀ òun ni ẹni yìí ń gbé, yóò sì fi ìwé àdírẹ́sì tirẹ̀ méjì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Kí ọmọ bá òbí rẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn ló dára jù, torí fọ́ọ̀mù tí a fi rán ènìyàn máa ń ní ìbéèrè nínú.

Ohun kejì ni orúkọ. Àwa tí orúkọ wa pọ̀, a máa ń kọ ọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta lórí ìwé mẹ́ta. Bí orúkọ tó wà lórí gíríìn káàdì Màmá bá jẹ́ ti bàbá rẹ̀, tí ti Social Security sì jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Kí ó kó o dání kí wọ́n tó béèrè.

Nígbà tí Bàbá bá ti gba káàdì Florida, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kò nílò ìwé àṣẹ ẹja odò, kò nílò ti òkun, kò nílò ti ọdẹ. Bí wọ́n bá béèrè, káàdì náà ni yóò nà sí wọn. FWC tún ní ìwé ẹ̀rí ọ̀fẹ́ fún olùgbé tó ti pé ọdún 65, fún ẹja àti ọdẹ pọ̀. Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n a gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gbà á, torí orúkọ rẹ̀ á ti wọ inú ẹ̀rọ wọn, èyí tí yóò wúlò nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi àti ti àgbọ̀nrín. Kí ó sì rántí pé káàdì tó wà nínú mọ́tò, lódìkejì títì, kò sí lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Màmá yàtọ̀, ó sì sàn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kò tíì pé ọdún 65, ṣùgbọ́n bí òun náà bá ti ní káàdì Florida, ọ̀nà wà. Ìkíní, ìwé àṣẹ etí òkun fún olùgbé, èyí tí wọ́n ń pè ní shoreline, kò ní owó lórí. Ó gbọ́dọ̀ gbà á o. Ohun tí a kì í sanwó fún yàtọ̀ sí ohun tí a kò nílò, ibẹ̀ sì ni àwọn tí kò tíì pé 65 ti máa ń ṣìnà. Ìwé yìí gba kí ó dúró sórí ilẹ̀, sórí afárá tàbí sórí pèpéle, kí ó pa ẹja omi iyọ̀. Kò gbà á láyè nínú ọkọ̀ ojú omi, kò sì gbà á láyè ní erékùṣù tí ọkọ̀ ojú omi gbé e dé. Kò kan ẹja omi dídùn náà, bẹ́ẹ̀ odò St. Johns ní oríṣi omi méjèèjì, bí ènìyàn bá ṣe ń kúrò létí òkun sí.

Ìkejì ni ọ̀pá oparun. Olùgbé tó bá ń fi ọ̀pá tàbí okùn tí kò ní ẹ̀rọ tó ń ká okùn pẹja omi dídùn ní káńtì tirẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ìjẹ àdánidá bí ekòló, kò nílò ìwé àṣẹ kankan. Tí ó bá ti so ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọ̀pá náà, àǹfààní náà ti lọ. Tí ó bá sì kọjá sí káńtì kejì, ó ti lọ. Kò sì wúlò ní àwọn adágún tí FWC ń ṣàkóso gẹ́gẹ́ bí fish management area, tí pátákó wọn máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bí Màmá bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, dọ́là 17 ni ìwé àṣẹ ọdún kan fún omi iyọ̀ tàbí omi dídùn, dọ́là 32.50 ni méjèèjì pọ̀. Kí ó má kánjú ra ti ọdún kan bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá ti sún mọ́lé, nítorí ẹni tó bá ti pé ọdún 64 lè ra Silver Sportsman's ní dọ́là 13.50, ẹja àti ọdẹ ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹyọ kan yóò gbé e dé ọdún 65. Àwọn tó ń ta ìwé àṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni yóò béèrè.

Àbúrò Bàbá ló ṣòro fún wọn láti gbà pé ọjọ́ orí kò lè ràn lọ́wọ́. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò san owó tó pọ̀ jù. Àlejò ni, ẹni 70 tàbí 90, owó kan náà ni: dọ́là 17 fún ọjọ́ mẹ́ta, 30 fún ọjọ́ méje, 47 fún ọdún kan. Oṣù mẹ́ta ló fẹ́ lò, nítorí náà ti ọdún ni kí ó rà. Ti ọjọ́ méje lẹ́ẹ̀mejì ti di 60. Omi iyọ̀ ní tirẹ̀, omi dídùn ní tirẹ̀, kí ó mú èyí tí yóò lò. Ìwé etí òkun ọ̀fẹ́ kì í ṣe ti àlejò, ọ̀pá oparun náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ti ní béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí a háyà pẹ̀lú awakọ̀ tó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ ti san ti gbogbo àwọn tó gbé. Pèpéle ìpẹja tó ti gba ìwé àṣẹ náà bẹ́ẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà nìkan ni. Ọjọ́ mẹ́jọ sì wà lọ́dún tí gbogbo ayé ń pẹja láìgba ìwé ní Florida, olùgbé àti àlejò. Fún omi iyọ̀: Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà àti Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, àti Sátidé tó tẹ̀ lé Thanksgiving. Fún omi dídùn: Sátidé àti Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin, àti ìkejì nínú oṣù kẹfà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Bàbá, torí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní ihò lára.

Ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ kan tó ní ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì fẹ́ lọ pa snapper lójú òkun. Ẹni tó bá fẹ́ pa irú àwọn ẹja bẹ́ẹ̀ láti inú ọkọ̀ àdáni, ìyẹn snapper bí vermilion àti yellowtail, grouper bí gag àti red grouper, hogfish, greater amberjack, gray triggerfish, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi State Reef Fish Angler. Òfin yìí ti kárí gbogbo Florida láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2020, ó sì mú ẹni ọdún 65 mọ́ra. Kò gba kọ́bọ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe. Ìdí rẹ̀ ni pé FWC ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí díẹ̀ lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti mọ iye ẹja tí wọ́n ń pa. Àgbàlagbà tí kò gba ìwé kankan kò sí nínú ẹ̀rọ, ẹja tó ń pa kò sì sí nínú kíkà.

Akàn ńkọ́? Gbogbo ilé ló fẹ́ ẹ, Màmá pàápàá. Ìgèrè akàn márùn-ún ni òfin fún ẹnì kan. Láti ọdún 2020 ni gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 16 tó ń dẹ ìgèrè fún akàn aláró ti gbọ́dọ̀ forúkọ ìgèrè rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí a dá sílẹ̀ nínú ìwé àṣẹ kò yọ. Ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un ni yóò so mọ́ ara ìgèrè kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti àdírẹ́sì rẹ̀, lọ́nà tí omi kò ní pa á rẹ́. Kí ó kọ ọ́ sára irin pẹlẹbẹ, kí ó fi wáyà dè é mọ́ ọn. Bébà tí a fi láílọ́ọ̀nù bò kì í pẹ́. Ìgèrè tí a so mọ́ èbúté kò nílò bọ́ọ̀lù ìléfòó, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín odò gbọ́dọ̀ ní in, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó íǹṣì mẹ́fà, kí lẹ́tà R tó ga tó íǹṣì méjì sì hàn lára rẹ̀. Ìgèrè fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ihò àsálà mẹ́ta, 2 3/8 íǹṣì ní fífẹ̀, kí àwọn kéékèèké lè bọ́ jáde. Gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni òpin lójúmọ́ fún ẹnì kan. Abo akàn tó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, ẹ dá a padà sómi.

Kí a tún sọ èyí fún àwọn àlejò láti ilé: ẹ má fọwọ́ kan ìgèrè tí kì í ṣe tiyín, kódà bí ẹ bá rí i pé ó ti kún. Ní Florida, fífọwọ́ kan ìgèrè ẹlòmíràn lè di ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá, ó ju ọ̀rọ̀ dọ́là 50 lọ.

Ìdásílẹ̀ kò sì kan iye ẹja. Snook kan péré lójúmọ́ ni fún ẹni ọdún 30, òun náà ni fún ẹni ọdún 80, ní gígùn íǹṣì 28 sí 32 ní ìhà Jacksonville, nígbà tí àkókò rẹ̀ bá sì ṣí. Largemouth bass márùn-ún, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló lè tó íǹṣì 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdẹ ló kù. Ọmọ ọdẹ ni Bàbá láti ilé, àgbọ̀nrín Florida sì ti wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá ti ní káàdì Florida, kò san owó ìwé àṣẹ ọdẹ, tó jẹ́ dọ́là 17 fún àwọn olùgbé yòókù, kò san dọ́là 5 ti àgbọ̀nrín, kò san dọ́là 26.50 tí wọ́n ń gbà fún ilẹ̀ ìdọdẹ ìjọba. Ẹ̀kọ́ ààbò ọdẹ náà kò kàn án: àwọn tí a bí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1975 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fi dandan lé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìjọba ní iye ọdẹ tí wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀ kan, ìbò, bíi ká ṣẹ́ gègé, ni wọ́n fi ń yan wọn. Bàbá gbọ́dọ̀ wọ inú ìbò náà bíi gbogbo ènìyàn, kí ó mú ìwé rẹ̀ dání bó bá jẹ. Ibi tí ìwé ẹ̀rí ọ̀fẹ́ ti wúlò nìyí, torí orí ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ ìjọba, lásìkò àgbọ̀nrín, aṣọ aláwọ̀ ọsàn títàn tó fẹ̀ tó íǹṣì onígun mẹ́rin 500 gbọ́dọ̀ wà lókè ìbàdí rẹ̀. Fìlà nìkan kò tó.

Bó bá pa àgbọ̀nrín, kí ó tó gbé e kúrò lójú ibi tó ṣubú sí ni yóò ti kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì ròyìn rẹ̀ fún FWC láàárín wákàtí 24, lórí áàpù Fish|Hunt FL, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí fóònù. Ọdẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ nínú owó kò bọ́ nínú èyí. Àgbọ̀nrín márùn-ún ni òpin lọ́dún, méjì péré nínú wọn ló lè jẹ́ aláìníwo.

Àbúrò rẹ̀ fẹ́ bá a lọ. Àwọn kan sọ fún un pé ẹlẹ́dẹ̀ igbó lórí ilẹ̀ àdáni kò nílò ìwé àṣẹ kankan ní Florida, bí onílẹ̀ bá ti gbà. Òtítọ́ ni, fún olùgbé àti àlejò. Ohun tí wọn kò sọ ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà àbẹ̀wò láyè láti di ìbọn mú, àfi bó bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà tàbí tó bá bọ́ sínú àwọn àyọsílẹ̀ mìíràn díẹ̀. Nítorí náà, ìwé tí Florida kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni kò jẹ́ kí ìbọn di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Dọ́là 46.50 ni ti ọjọ́ mẹ́wàá fún àlejò, 151.50 ni ti ọdún. Kí ó rà á kí ó tó fọwọ́ kan ìbọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìkankan nínú èyí kò bá Bàbá sọdá ààlà. Jacksonville sún mọ́ Georgia, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà ní Atlanta. Ní Georgia, olùgbé ẹni ọdún 65 tí a bí ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1952 ló ń gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí a bí lẹ́yìn náà ń san dọ́là 7 lọ́dún tàbí 70 fún gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ní Texas, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí ní Houston, ẹni tí a bí ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1931 ni kò nílò ìwé ẹja rárá, àwọn àgbàlagbà yòókù ń san owó tó dín. Bó bá lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Atlanta tó sì gbé ọ̀pá ìpẹja dání, owó àlejò ni yóò san níbẹ̀.